Ayaba Eleanor: Ìtàn Àròsọ àti Agbára Obìnrin Nínú Ààfin

Púpọ̀ ni ìwé ìtàn àròsọ tí ó dá lórí àwọn obìnrin ọlọ́lá inú ààfin ilẹ̀ Yúróòpù ní ayé àtijọ́. Nínú ọ̀pọ̀ irú ìwé bẹ́ẹ̀, ìfẹ́, owú àti ọ̀tẹ̀ inú ìyẹ̀wù ni àwọn òǹkọ̀wé fi ń ṣàlàyé agbára obìnrin. Ìbéèrè tí ó wà níwájú olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ni èyí: ṣé ọ̀nà tí agbára gbà wọ ọwọ́ àwọn obìnrin wọ̀nyí nìyẹn ní tòótọ́? Ìgbésí ayé Eleanor, ọmọ ilẹ̀ Aquitaine, lè dáhùn ìbéèrè náà, nítorí pé ó jẹ ayaba ilẹ̀ Faransé, ó sì tún jẹ ayaba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nínú ọ̀rúndún kejìlá.

Ilẹ̀ ni ìpìlẹ̀ agbára rẹ̀. Ní 1137, baba rẹ̀, William Kẹwàá, kú láìní ọmọkùnrin kan láàyè. Eleanor, tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò ju nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, ni ó jogún Aquitaine, ilẹ̀ ọlọ́ràá ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Faransé. Ilẹ̀ tí ọba Faransé ń ṣàkóso fúnra rẹ̀ nígbà náà kò tó o ní fífẹ̀. Ní oṣù keje ọdún yẹn, wọ́n fi Eleanor fún Louis, àrẹ̀mọ ọba Faransé, ní ìlú Bordeaux. Láàrin ọjọ́ mélòó kan, ọba àgbà wàjà, Louis sì gorí ìtẹ́.

Ọmọbìnrin méjì ni Eleanor bí fún un, kò sì bí ọkùnrin kankan. Ní oṣù kẹta 1152, àwọn àlùfáà àgbà kéde pé ìgbéyàwó náà kò bófin ìjọ mu, nítorí pé ìbátan ni tọkọtaya náà. Àrólé ọkùnrin tí Louis ń wá wà nídìí ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n bí Eleanor ti jáde, ilẹ̀ rẹ̀ bá a jáde. Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù karùn-ún ọdún kan náà, ó fẹ́ Henry, olórí ilẹ̀ Anjou, bẹ́ẹ̀ ni ìbátan tí ó wà láàrin òun àti Henry kò jìnnà ju ti ìṣáájú lọ. Ní 1154, Henry di ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ a máa pe ìgbéyàwó kejì yìí ní iná ìfẹ́. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn akọ̀wé ìtàn ìgbà náà sọ pé bí Eleanor ti ń padà sílé, àwọn ọlọ́lá kan gbìyànjú láti mú un ní tipátipá kí wọ́n lè fi í ṣe aya. Obìnrin tí ó ni irú ogún bẹ́ẹ̀, tí kò sì ní ọkọ, ohun ọdẹ ni lójú wọn. Yíyan ọkọ fúnra rẹ̀ kíákíá jẹ́ ọgbọ́n ìṣèlú.

Ní 1173, mẹ́ta nínú àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ dìtẹ̀ mọ́ Henry, baba wọn, Eleanor sì gbè sẹ́yìn wọn. Henry mú un, ó sì fi í sí àtìmọ́lé títí ó fi wàjà ní 1189. Ibí yìí ni ìtàn àròsọ ti fẹ́ràn láti dúró jù. Wọ́n ní Eleanor wá Rosamund Clifford, àlè ọba, rí, ó sì ní kí ó yan ọ̀kan nínú ọ̀bẹ àti ife májèlé. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Nígbà tí Rosamund kú, ní nǹkan bí 1176, inú àtìmọ́lé ni Eleanor wà. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ikú àwọn méjèèjì ni ìtàn májèlé náà ṣẹ̀ṣẹ̀ hù.

Eré James Goldman, The Lion in Winter, tí ó jáde ní 1966, tí wọ́n sì fi ṣe sinimá ní 1968, kó ọba, ayaba àti àwọn ọmọ wọn jọ sí Chinon fún ọdún Kérésìmesì 1183. Irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ kò wáyé ní Chinon lọ́dún náà. Síbẹ̀, eré náà gbá kókó kan mú: ta ni yóò jogún ilẹ̀ wo? Ohun tí ìdílé yìí ń tìtorí rẹ̀ jà gan-an nìyẹn.

Iṣẹ́ tí Eleanor ṣe lẹ́yìn 1189 ni ìtàn àròsọ kì í sábà tẹnu mọ́. Nígbà tí ọmọ rẹ̀, Ọba Richard, bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá bí ó ti ń ti Ogun Àgbélébùú bọ̀ ní 1192, ọ̀kẹ́ méje àbọ̀ máàkì fàdákà, ìyẹn 150,000, ni wọ́n béèrè. Eleanor wà lára àwọn tí ó darí ìkójọ owó náà, òun fúnra rẹ̀ sì rin ìrìn àjò lọ sí Jámánì, níbi tí wọ́n ti dá ọba sílẹ̀ ní 1194. Ní 1200, nígbà tí ó ti sún mọ́ ọgọ́rin ọdún, ó gba orí òkè Pyrenees kọjá lọ sí Castile láti mú ọmọ-ọmọ rẹ̀, Blanche, wá fún àrẹ̀mọ Faransé. Blanche yìí ni ó wá ṣe adelé ọba ní Faransé láti 1226. Eleanor kú ní 1204.

Àkọsílẹ̀ àtijọ́ pàápàá kò mọ́ tónítóní. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó kọ wọ́n jẹ́ ọkùnrin ìjọ, etí wọn kò sì di sí àhesọ nípa ayaba tí kò tẹrí ba. Nítorí náà, kò yẹ kí olùkọ́ lé ìwé ìtàn àròsọ kúrò nínú kíláàsì. Ó ń fi ẹ̀mí sí ibi tí àkọsílẹ̀ ti dákẹ́. Ohun tí ó yẹ ni kí akẹ́kọ̀ọ́ máa béèrè, bí ó ti ń kà á: ta ni ó ni ilẹ̀? Èdìdì ta ni ó wà lórí ìwé àṣẹ? Ọmọ ta ni wọ́n ń fi fún ta, kí ni wọ́n sì fẹ́ fi gbà? Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá gbàgbé ìbéèrè wọ̀nyí yóò gbà pé owú nìkan ni obìnrin mọ̀ nínú ààfin. Èyí tí ó bá béèrè wọn yóò rí olóṣèlú tí ó mọ ohun tí ó ní, tí ó sì mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó lò ó.