Ga, Ga Jù, Ga Jùlọ: Ìtàn Àfiwé Èdè Gẹ̀ẹ́sì Lẹ́nu Ọmọ Alímọ̀ṣọ́

Àwọn baba wa tí wọ́n sọ pé ìka ọwọ́ kò dọ́gba ti parí ẹ̀kọ́ àfiwé kí òyìnbó tó gbé tákàdá gúnlẹ̀ sí etí òkun wa. Ọmọ Àwórì tí ń jókòó ti ìyá rẹ̀ nídìí ata lọ́jà Ìkòtún, kí ó tó mọ A yàtọ̀ sí B, ti mọ kóńgò tí ó kún àti èyí tí ó kún jù ú lọ, ó sì mọ oníbàárà tí ó láhun jùlọ nínú gbogbo àwọn tí ń ṣa ata tí wọn kò rà á. Nítorí náà, kì í ṣe ọgbọ́n àfiwé ni ilé ìwé wá fi kọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀, bí kò ṣe pé ó dá aṣọ mìíràn fún ọgbọ́n tí ó ti bá lọ́wọ́ rẹ̀. Bí a sì ṣe ń rán aṣọ náà láti nǹkan bí ọgọ́sàn-án ọdún sẹ́yìn ni mo fẹ́ rò fún yín.

Ní ọdún 1842 ni Thomas Birch Freeman, ajíhìnrere ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, dé Àgbádárìgì, nígbà tí yóò sì fi di 1843, tọkọtaya De Graft tí wọ́n wà pẹ̀lú rẹ̀ ti ń kó ọmọdé jọ síbẹ̀ tí wọ́n ń kọ́ wọn níwèé. Ọdún 1843 yìí kan náà ni Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn, ẹni tí a tà lẹ́rú tí ó padà wá di bíṣọ́ọ̀bù, tẹ ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó tún un ṣe, ó sì fi kún un ní 1852. Bí ẹnìkan ti ń gbé èdè òyìnbó wọlé ni ẹlòmíràn ń gbé èdè wa jáde, ìbá sì dára kí àwọn méjèèjì pàdé nínú kíláàsì. Ṣùgbọ́n nígbà tí òfin ẹ̀kọ́ ọdún 1882 dé, tí ìjọba ń díwọ̀n owó ìrànwọ́ ilé ìwé àwọn ìjọ bí àwọn ọmọ bá ṣe yege sí nínú ìdánwò, kíkà àti kíkọ èdè Gẹ̀ẹ́sì ni òfin náà gbé sórí. Kò bìkítà fún Yorùbá rárá. Níbi tí owó bá wà ni olùkọ́ ń kọjú sí. Ó di pé tíṣà á pè é, àwọn ọmọ á gbè é, pàṣán á sì máa retí ẹni tí ó bá gbàgbé.

Ilẹ̀ oko ni Ìkòtún, Ìgándò àti Ẹgbẹ́dá, tí wọ́n wà ní Alímọ̀ṣọ́ báyìí, fún ìgbà pípẹ́, wọn kò sì jìnnà sí Ìṣẹ́rí níbi tí ìtàn ti sọ pé àwo tí Ògúnfúnminíre ń tẹ̀ lé láti Ifẹ̀ ti rì sómi, tí a fi ń pe àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Àwórì. Nígbà tí a yọ ìlú Èkó sọ́tọ̀ fún ìjọba àpapọ̀ ní 1954, agbègbè yìí ṣẹ́kù sí Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, lábẹ́ Ìkẹjà. Èyí ni ó mú kí ọmọ àgbẹ̀ Ìgándò ní ìpín nínú ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti Olóyè Awókọ̀yà, mínísítà ẹ̀kọ́ tí ó gbé àbá rẹ̀ kalẹ̀, ṣí ní ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955. Ọmọ tí ó wọlé sí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn lọ́dún náà ju 800,000 lọ, bẹ́ẹ̀ ni kò tó ìdajì mílíọ̀nù lọ́dún tí ó ṣáájú. Níbo ni a ó ti rí olùkọ́ tí yóò tó wọn? Ọ̀pọ̀ ẹni tí ń kọ́ni ní “tall, taller, tallest” nígbà náà, kò tíì pẹ́ tí òun náà gbọ́ ọ.

Ọ̀nà tí wọ́n fi ń kọ́ ọ kò yí padà púpọ̀ títí di òní. Tíṣà á pe ọmọ mẹ́ta síwájú pátákó, á tò wọ́n láti orí kúkúrú dé orí gíga, á gbé ọwọ́ lé orí wọn níkọ̀ọ̀kan, á máa pè é bí ó ti ń lọ, gbogbo kíláàsì á sì hó gbè é. Bí ó bá ti kan “good”, ọ̀rọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í rúni lójú: ọmọ á sọ pé “gooder”, tàbí kí ó fi “more” kún “better” kí ó lè dájú. Èwo ni ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ nínú èyí? Ìlànà tí a kọ́ ọ ní àná ni ó tẹ̀ lé. Ní tiwa, ọ̀rọ̀ kì í yí ara padà: “ga” á wà bí ó ti wà, “jù” á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìdí nìyí tí ọmọ fi ń wí pé “he tall pass me”, èyí tí àwọn kan ń pè ní èdè àwọn tí kò kàwé. “Pass” inú Píjìn yìí kò yàtọ̀ sí “jù” wa. Àní “ó ga jù” lásán, láìsí “lọ”, tún lè túmọ̀ sí pé gíga náà ti kọjá ààlà, ìyẹn ni ọmọ fi ń lo “too” níbi tí “very” ti tọ́. Bí ó bá sì di ọ̀ràn ìdọ́gba, ẹni tí ó ti gbọ́ pé bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà, ti mọ iṣẹ́ “tó” dáadáa. “As” tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè lẹ́ẹ̀mejì nìkan ni ó kù kí a fi hàn án.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifáfitì Ifẹ̀ dán èrò pé kí a kọ́ ọmọ láti inú èdè tí ó ti gbọ́ wò láti 1970, ní ilé ìwé St Stephen's ní Mọdákẹ́kẹ́: Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà, Gẹ̀ẹ́sì sì dá dúró gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan tí olùkọ́ tí ó gbọ́ ọ dáadáa ń kọ́ wọn. Àwọn ọmọ náà kò gbẹ́yìn àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́. Nínú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ pàápàá, wọ́n ta wọ́n yọ.

Oko ti di ìlú báyìí. Nínú ètò ìkànìyàn 2006, ìjọba àpapọ̀ ka ènìyàn 1,277,714 ní Alímọ̀ṣọ́, iye tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fúnra rẹ̀ kà níbẹ̀ sì jẹ́ 2,047,026; kí olùkọ́ tí ń wá àpẹẹrẹ “more” má wá a lọ jìnnà. Àwọn ilé ìwé aládàáni kún àdúgbò, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó sì ń bu owó ìtanràn lé ọmọ tí ó bá sọ èdè ìyá rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin tí Gómìnà Aḿbọ̀dé fọwọ́ sí ní 2018 sọ kíkọ́ Yorùbá di dandan ní gbogbo ilé ìwé Èkó. Ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ètò fífi èdè abínibí kọ́ ọmọdé ní 2022. Ní 2025 ni ó tún fagi lé e. Ṣùgbọ́n tíṣà tí ó ní àádọ́ta ọmọ níwájú rẹ̀ ní Ìgándò kò ní dúró de Àbújá kí ó tó wí fún wọn pé “sàn jù” ni “better”.