Olùkọ́ fún Gbogbo Ọmọ: Bí A Ṣe Ń Gba Olùkọ́ Síṣẹ́ àti Bí A Ṣe Ń Dá Wọn Lẹ́kọ̀ọ́ ní Ìjẹ̀bú-Igbó, Àgọ́-Ìwòyè àti Ògùn Waterside

Ẹ̀tọ́ ọmọ sí ẹ̀kọ́ kò parí sórí kíkọ́ ilé-ìwé àti pínpín ìwé kíkà. Ilé-ìwé tí kò ní olùkọ́ tó kúnjú ìwọ̀n, ilé lásán ni. Nítorí èyí, ìbéèrè kan náà ni òbí tó ń gbé ní Ìjẹ̀bú-Igbó àti òbí tó ń gbé ní Efire létí omi ń bi ara wọn: ta ni yóò dúró níwájú ọmọ mi ní kíláàsì, irú ìmọ̀ wo ni ó ní, yóò ha sì pẹ́ níbẹ̀ kí ọmọ náà tó jàǹfààní rẹ̀? Àpilẹ̀kọ yìí ṣàlàyé bí ètò olùkọ́ ṣe rí, ibi tí ìṣòro rẹ̀ wà, àti ipa tí àwọn olùgbé lè kó nínú rẹ̀.

Ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀

Àgbègbè yìí kì í ṣe àlejò nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ fún gbogbo ọmọ. Ọmọ Àwà-Ìjẹ̀bú ni Olóògbé Stephen Olúwọlé Awókọ̀yà, ẹni tí ó jẹ́ ọ̀gá àkọ́kọ́ ní Molusi College, ilé-ẹ̀kọ́ girama tí a dá sílẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó ní ọdún 1949. Láti ibẹ̀ ni ó ti di Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́ fún Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ní ọdún 1952, tí ó sì gbé àbá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kalẹ̀ níwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Olóògbé Táí Ṣólàrín ni ó gba ipò ọ̀gá ní Molusi College lẹ́yìn rẹ̀, kí ó tó lọ dá Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní ọdún 1956.

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kínní ọdún 1955, ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Iye ọmọ tó wà ní ilé-ìwé, tí ó jẹ́ bí 457,000 ní ọdún 1954, fò sókè ju 800,000 lọ láàrin ọdún kan ṣoṣo. A lè kọ́ iyàrá ìkàwé láàrin oṣù díẹ̀, ṣùgbọ́n olùkọ́ kì í hù lóru ọjọ́ kan. Ìjọba ṣí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni sí i, wọ́n ń fi ọdún méjì kọ́ni fún ìwé-ẹ̀rí Grade III. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí kò tíì gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kankan ni a kó wọ kíláàsì. Ẹ̀kọ́ tí ìtàn náà kọ́ wa kò tíì yí padà: nígbà tí ilẹ̀kùn ilé-ìwé bá ṣí fún gbogbo ọmọ, iye olùkọ́ àti ìmọ̀ olùkọ́ ni yóò sọ bóyá ẹ̀kọ́ náà dọ́gba.

Ìyàtọ̀ láàrin ìlú àti etí omi

Àgọ́-Ìwòyè ni olú ọgbà Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbáńjọ wà, èyí tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1982 ní orúkọ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ní Ìjẹ̀bú-Igbó, tí ó jẹ́ olú ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Àríwá Ìjẹ̀bú, ilé-ẹ̀kọ́ gíga àti ilé-ẹ̀kọ́ girama wà, ọ̀nà ọkọ̀ sì já sí i láti Ìjẹ̀bú-Òde. Olùkọ́ tí a bá rán lọ síbẹ̀ yóò rí ilé háyà, yóò rí ilé-ìwòsàn, yóò sì lè máa kàwé sí i bí ó ti ń ṣiṣẹ́.

Ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ògùn Waterside, tí olú ìlú rẹ̀ jẹ́ Abígi, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Láàrin ọ̀sà àti igbó ni ọ̀pọ̀ ìletò wà. Ọkọ̀ ojú omi ni a fi ń dé àwọn mìíràn. Iṣẹ́ ẹja, iṣẹ́ oko àti gẹdú ni wọ́n ń ṣe jẹun. Ìjẹ̀bú, Ìlàjẹ àti Ìjọ́ ń gbé pọ̀ níbẹ̀, kì í sì í ṣe gbogbo ọmọ ni ó ń gbọ́ èdè kan náà láti ilé. Olùkọ́ tí kò mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀, tí kò rí ilé gbé, kì í pẹ́ tí yóò fi máa wá ọ̀nà ìṣípòpadà. Bí ó bá lọ, àwọn ọmọ tí ó ń kọ́ ni yóò kọ́kọ́ jìyà rẹ̀.

Ìṣirò pẹ̀lú lè tan ènìyàn jẹ. Ìlànà Ètò Ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè yìí fi ọmọ 35 sí abẹ́ olùkọ́ kan ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a wo ilé-ìwé kékeré kan tí ó ní ọmọ 60. Lórí ìwé, olùkọ́ méjì ti tó. Ṣùgbọ́n kíláàsì mẹ́fà ni ọmọ 60 náà wà, láti kíláàsì kìíní dé ìkẹfà. Olùkọ́ kọ̀ọ̀kan yóò máa kọ́ kíláàsì mẹ́ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí náà, kì í ṣe iye ọmọ nìkan ni ó yẹ kí a fi pín olùkọ́, iye kíláàsì àti ọ̀nà tó lọ síbẹ̀ yẹ kó wọ inú ìṣirò.

Àwọn tó ń gba olùkọ́ síṣẹ́

SUBEB, àjọ tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ní Ìpínlẹ̀, ni ó ń rí sí olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan. TESCOM ni ó ń rí sí ti ilé-ẹ̀kọ́ girama. Ìpínlẹ̀ Ògùn tún ti lo ètò OgunTEACh, èyí tí a fi ń gba àwọn tó ti jáde ilé-ẹ̀kọ́ gíga láti kọ́ni fún sáà kan.

Ìwé-ẹ̀rí NCE ni ó kéré jù tí òfin gbà fún olùkọ́. Lẹ́yìn èyí, ó gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ TRCN, àjọ tí òfin ọdún 1993 gbé kalẹ̀ láti ya olùkọ́ tòótọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó kàn ń kọ́ni. Ẹni tó bá kàwé gboyè nínú ìmọ̀ mìíràn lè gba ìwé-ẹ̀rí PGDE láti di olùkọ́.

Ohun tó ń mú olùkọ́ dúró

Ìrírí orílẹ̀-èdè Gáńbíà wúlò fún wa. Láti nǹkan bí ọdún 2006 ni ìjọba ibẹ̀ ti ń fún àwọn olùkọ́ tí ilé-ìwé wọn jìnnà sí títì ju kìlómítà mẹ́ta lọ ní àjẹmọ́nú tó jẹ́ ìdá 30 sí 40 nínú ọgọ́rùn-ún owó-oṣù wọn. Ìwádìí fi hàn pé olùkọ́ tó kúnjú ìwọ̀n pọ̀ sí i ní àwọn ilé-ìwé bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a wo èsì ìdánwò àwọn ọmọ, a kò rí ìyàtọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lápapọ̀. Owó lè mú olùkọ́ dé ibi tó jìnnà; ohun tí yóò ṣe nígbà tó bá débẹ̀, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àti àbójútó ni ó ń pinnu rẹ̀.

Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2022 sún ìfẹ̀yìntì olùkọ́ sí ọmọ ọdún 65 tàbí 40 ọdún lẹ́nu iṣẹ́. Ó ń jẹ́ kí àwọn àgbà olùkọ́ pẹ́ sí i, ṣùgbọ́n òfin náà nìkan kò lè gbé wọn lọ sí etí omi. Ọ̀nà tó ṣeé gbára lé ni kí a kọ́ àwọn ọ̀dọ́ àgbègbè náà fúnra wọn ní iṣẹ́ olùkọ́. Ọmọ Ìwòpin tàbí Mákùn-Omi tó bá gba NCE mọ èdè, ó mọ omi, ilé baba rẹ̀ sì wà níbẹ̀.

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu iṣẹ́

Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti ọdún 2004 ya ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún àpò owó ìjọba àpapọ̀ sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀. Kí Ìpínlẹ̀ tó lè gba ìpín tirẹ̀ fún ilé àti ohun èlò, ó gbọ́dọ̀ fi owó tirẹ̀ kún un. Lára owó náà ni ìpín kan wà fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́. National Teachers' Institute tó wà ní Kàdúná, tí ó ti wà láti ọdún 1976, ń kọ́ olùkọ́ láti ibi iṣẹ́ wọn. Nítòsí wa, Yunifásítì Ẹ̀kọ́ Táí Ṣólàrín ní Ìjagun, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà láti ọdún 2005, àti ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀kọ́ ní Àgọ́-Ìwòyè, wà fún iṣẹ́ yìí.

Fún àwọn ilé-ìwé kékeré, ohun mẹ́ta ló ṣe kókó jù: bí a ṣe ń kọ́ kíláàsì púpọ̀ pọ̀, bí a ṣe ń kọ́ ọmọ láti mọ ìwé kà ní èdè tó gbọ́ kí ó tó bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì, àti kí àgbà olùkọ́ máa bẹ olùkọ́ tuntun wò déédéé.

Ipa àwọn olùgbé

Kí àwọn òbí àti àwọn aṣáájú ìlú máa kópa nínú ìgbìmọ̀ alábòójútó ilé-ìwé àti ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́. Kí wọ́n mọ iye olùkọ́ tí ó yẹ kó wà ní ilé-ìwé wọn àti iye tó wà níbẹ̀ ní tòótọ́, kí wọ́n sì kọ̀wé sí ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ wọn bí àlàfo bá wà. Ìletò tó bá pèsè yàrá fún olùkọ́ ti ṣe ìdajì iṣẹ́ ìdádúró rẹ̀. Ẹni tó sì ní ọmọ tó fẹ́ràn iṣẹ́ olùkọ́, kó má ṣe dá a lẹ́kun.

Àwọn àgbà wa sọ pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ọmọ etí omi àti ọmọ ìlú, ọmọ Ìpínlẹ̀ Ògùn kan náà ni wọ́n. Olùkọ́ tó yẹ ọ̀kan, ó yẹ èkejì.