Nǹkan Tí A Kò Mọ̀: Ìtàn Áljẹ́brà fún Ẹni Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ń Kọ́ Ọ

Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Ọmọdé ni mí nígbà tí mo ṣubú nínú áljẹ́brà. Olùkọ́ wa kọ 3x + 5 = 26 sí ojú pátákó, ó ní, “Bí nọ́ńbà bá ti sọdá, àmì rẹ̀ a yí padà.” Ìdí tí ó fi ń yí padà kò yé mi. Mo fi 5 dán an wò, kò bọ́ sí i. Mo fi 6 dán an wò, kò bọ́ sí i. Mo fi 7 dán an wò, ó bá a mu rẹ́gí. Mo kọ 7 sílẹ̀. Olùkọ́ béèrè ọ̀nà tí mo gbà. Nígbà tí mo ní mo méfò ni, ẹgba ni mo jẹ. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń sá fún x, tí mo fi sá wọ inú ẹ̀kọ́ èdè.

Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ èdè yìí náà ni ó dá mi padà. Ní ọjọ́ tí mo kà á pé ọ̀rọ̀ Lárúbáwá ni “áljẹ́brà”, mo fẹ́ mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Àbúrò mi ọkùnrin sì ti dé orí ìdọ́gba báyìí, ó ti ń sọ pé òun kò ní ọpọlọ ìṣirò. Nítorí tirẹ̀ ni mo ṣe wo ẹ̀yìn.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti Íjíbítì. Ní nǹkan bí ọdún 1550 ṣáájú ìbí Kristi, akọ̀wé kan tí ń jẹ́ Ahmes ṣe àdàkọ ìwé ìṣirò kan tí ó ti wà ṣáájú ìgbà tirẹ̀. Alexander Henry Rhind, ará Sìkọ́tíláǹdì, ra ìwé náà ní Luxor ní 1858, ó sì wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù títí di òní. Ìbéèrè 24 inú rẹ̀ lọ báyìí: òkìtì kan wà, bí a bá fi ìdá kan nínú méje rẹ̀ kún un, ó di 19, èló ni òkìtì náà? “Òkìtì” ni wọ́n ń pe ohun tí wọn kò mọ̀, bí àwa ti ń pè é ní x.

Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n méfò! Wọ́n ní kí òkìtì náà jẹ́ 7. Ìdá kan nínú méje 7 jẹ́ 1. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 8. 8 kọ́ ni a ń wá, 19 ni. Wọ́n wá iye ìgbà tí 8 wọ inú 19, wọ́n rí 2 àti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́jọ. Wọ́n fi èyí sọ 7 di púpọ̀, ó sì di 16 àti ìdá márùn-ún nínú mẹ́jọ, bí àwa yóò ti kọ ọ́ lónìí. Ẹ ṣàkíyèsí pé orí àṣìṣe ni wọ́n gbà dé ibi òtítọ́. Ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ nà mí ti di ẹ̀kọ́ ní Íjíbítì láti ìgbà láéláé. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wa ni pé èmi méfò, mo dúró. Àwọn méfò, wọ́n sì fi èéfò náà ṣe àtẹ̀gùn.

Láti ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí a kọjá sí Bàgídáàdì. Nígbà tí Kálífà al-Ma'mun wà lórí oyè, láti 813 dé 833, ọ̀mọ̀wé kan tí ń jẹ́ Muhammad ibn Musa al-Khwarizmi kọ ìwé kan nípa al-jabr àti al-muqabala. Kì í ṣe láti fi dá ọmọ ilé-ìwé lágara ni ó fi kọ ọ́. Ó ní ohun tí àwọn ènìyàn nílò ni: ogún pínpín, ẹjọ́, òwò àti ilẹ̀ wíwọ̀n. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti rí bí àwọn Mùsùlùmí ilẹ̀ wa ti ń pín ogún, tí aya ní ìpín tirẹ̀, tí ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin ní tiwọn, yóò mọ̀ pé ìṣirò náà kì í ṣe eré. Àmì kan kò sí nínú ìwé yìí. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ohun tí a kò mọ̀, “nǹkan” ni ó pè é.

Kí wá ni al-jabr? Ó jẹ́ dídá ohun tó fọ́ padà sípò. Ọ̀rọ̀ náà ni àwọn Lárúbáwá ń lò fún títo eegun tó dá. Nígbà tí ó sì dé Sípéènì, orúkọ tí wọ́n ń pe ẹni tí ń to eegun níbẹ̀ ti inú rẹ̀ jáde. Bí a bá ní nǹkan kan tí a yọ 4 kúrò lára rẹ̀ ṣẹ́ ku 9, nǹkan náà ti kán. A dá 4 rẹ̀ padà fún un; kí apá kejì má baà rí i bí ìrẹ́jẹ, a fi 4 kún tirẹ̀ náà: nǹkan náà jẹ́ 13. Al-muqabala ni kí a kọ ojú apá méjèèjì síra, kí a sì yọ iye kan náà kúrò níhà méjèèjì. Ẹ wo 3x + 5 = 26 ti ọjọ́ náà. Agbọ̀n ọsàn mẹ́ta, tí iye inú wọn dọ́gba, àti ọsàn 5 lọ́tọ̀, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 26. A mú 5 kúrò níhìn-ín, a mú 5 kúrò lọ́hùn-ún. Agbọ̀n mẹ́ta ṣẹ́ ku 21. Ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 7. Kò sí nọ́ńbà kankan tí ó sọdá. Ìdọ́gba ni a kò fẹ́ bà jẹ́.

Àwọn àmì tí ń dẹ́rù ba ọmọdé kò tíì pẹ́ láyé. Ní 1145, Robert ará Chester túmọ̀ ìwé al-Khwarizmi sí èdè Látìn ní Segovia. Ní 1557, Robert Recorde, ará Wales, fa ìlà méjì tó gùn dọ́gba láti fi ṣe àmì ìdọ́gba, nítorí ó ní kò sí ohun méjì tó tún lè dọ́gba jù wọ́n lọ. Viète, ará Faransé, bẹ̀rẹ̀ sí fi álífábẹ́ẹ̀tì dúró fún nọ́ńbà ní 1591. Descartes, ará ilẹ̀ rẹ̀, sì fi x, y àti z ṣe orúkọ ohun tí a kò mọ̀ nínú ìwé rẹ̀ ti 1637. Láti Bàgídáàdì dé ọ̀dọ̀ Descartes tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rin ọdún. Ọmọ wa a sì máa gba gbogbo rẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ kan!

N kò sọ pé àwọn baba wa ni ó dá áljẹ́brà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bí a ti ń ka owó. Márùndínláàádọ́ta ni a ń pe 45: 50 tí 5 dín nínú rẹ̀. Àádọ́ta fúnra rẹ̀ jẹ́ ọgọ́ta tí 10 dín nínú rẹ̀. Ọgọ́ta sì jẹ́ ogún lọ́nà mẹ́ta. Adolphus Mann, òjíṣẹ́ ìjọ tó ti gbé Ìjàyè, kọ àpilẹ̀kọ lórí ọ̀nà ìkàyè yìí ní 1887, ó sì so ó mọ́ bí a ti ń ka owó ẹyọ. Ọmọ tí ó bá lè pe 45 ti ń sọ̀rọ̀ nípa ohun tó kán àti ohun tí a ó fi tò ó. Al-jabr wà lẹ́nu rẹ̀ kí ó tó dé kíláàsì.

Èyí ni ó mú mi rántí iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1970, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, títí kan ìṣirò. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn sí àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́. Bí èyí bá rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé kì í ṣe ọpọlọ ni ó ń wọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ tí ń sá fún x.

Mo jókòó ti àbúrò mi ní ìsinmi tó kọjá. N kò pe x rárá. “Nǹkan” ni mo ń wí. Mo ní kí ó kọ́kọ́ méfò, kí ó wo bí èéfò náà ti jìnnà tó, lẹ́yìn náà kí ó to eegun náà. Ọ̀nà kan ò wọjà. Nígbà tí a ṣe ìkẹrin tán, ó gbójú sókè, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ohun tí wọ́n ń pariwo rẹ̀ náà nìyí?” Mo ní òun náà ni. Ó ní kí n fún òun ní òmíràn.