Igbó Ọba: Bí Ilẹ̀ Ọ̀yọ́-Ilé Ṣe Di Páàkì

Bí ẹ bá dúró ní Òṣòdì tí ẹ ní ẹ ń lọ sí páàkì, ọkọ̀ ni gbogbo èèyàn máa rò pé ẹ fẹ́ wọ̀. Ẹ wọ̀ ọ́, kó gbé yín gba Ìbàdàn àti Ọ̀yọ́ kọjá títí dé Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí ní Òkè-Ògùn, kí ẹ wá bèèrè páàkì lọ́wọ́ ọmọ onílé ibẹ̀. Igbó ni yóò nawọ́ sí: igbó tí ìjọba àpapọ̀ pààlà yí ká, tí àwọn baba ńlá rẹ̀ dẹ ọdẹ nínú rẹ̀, tí òun fúnra rẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ̀ láìgba ìwé. Ará Òṣòdì kì í ṣe àjèjì sí kí ìjọba dé lọ́jọ́ kan kó ní ilẹ̀ ti di tòun. Wọ́n kó ọjà kúrò níbẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2009 láyé Gómìnà Fáṣọlá, wọ́n wó ọjà Owónifáàrí ní oṣù kìíní ọdún 2016 láyé Gómìnà Aḿbọ̀dé, kí ibùdókọ̀ ńlá tó wà níbẹ̀ báyìí tó ṣí ní 2019. Katakata ló ṣe tìyẹn. Ti Òkè-Ògùn rọra wọlé ni, ó sì gbà tó ọdún márùndínlọ́gọ́ta.

Ọ̀rọ̀ náà kò bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ òyìnbó. Ọdún 1826 ni Clapperton, òyìnbó arìnrìn-àjò, dé Ọ̀yọ́-Ilé, olú-ìlú Ọ̀yọ́ àtijọ́, ó bá Aláàfin lórí ìtẹ́ nínú ìlú tí odi yí ká. Àwọn ọmọ Lander, arìnrìn-àjò bíi tirẹ̀, dé ibẹ̀ ní 1830. Kò pé ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà tí Aláàfin Olúewu kú sí ogun Elédùwẹ̀, ìlú sì tú. Àwọn kan sá lọ sí Kìṣí, àwọn kan sí Ìgbòho, àwọn mìíràn tilẹ̀ forí lé Ìlọrin tó ń bá wọn jà. Àtìbà gbé adé lọ sí Àgọ́-Ọjà, ìyẹn Ọ̀yọ́ tí a mọ̀ lónìí. Pápá gba ìlú àtijọ́. Odi ṣì wà, igi oṣè ṣì dúró, àpáàdì ṣì fọ́n ká ilẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń wo àwòrán ilẹ̀ láti ọ́fíìsì kò ní rí èéfín kankan. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe ti wọlé: wọ́n ka ilẹ̀ tí ogun lé èèyàn kúrò lórí rẹ̀ mọ́ ilẹ̀ tí kò lẹ́ni. Lọ́dọ̀ wa, ahoro kì í ṣe ilẹ̀ aláìlólúwa. Ọmọ ẹni tó sá kúrò níbẹ̀ ló ni ín, bó pẹ́ títí.

Ní 1936, ìjọba amúnisìn Gẹ̀ẹ́sì pààlà igbó tó wà lápá òkè odò Ògùn. Ní 1941, wọ́n pààlà ti Ọ̀yọ́-Ilé. Abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀yọ́ ni méjèèjì wà, Ládìgbòlù Kìíní sì ni Aláàfin. Igbó ọba ni wọ́n ń pe irú igbó bẹ́ẹ̀, ẹnu sì dùn ún pè, nítorí pé ẹni tó bá fẹ́ lè ní ọba Ọ̀yọ́ ni, ẹni tó bá fẹ́ lè ní ọba Gẹ̀ẹ́sì ni. Igi ni igbó ọba kọ́kọ́ ń ṣọ́. Òfin ìgbà náà tilẹ̀ fi àyè sílẹ̀ pé kí wọ́n wádìí ẹ̀tọ́ àwọn ará àdúgbò, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí igbó tó di ti ọba. Nígbà tó di 1952, wọ́n sọ méjèèjì di igbó ẹranko. Àtìgbà náà ni ẹfọ̀n, ìgalà àti àgbọ̀nrín ti di ohun tí ìjọba ń ṣọ́, tí ọdẹ sì di ẹni tí wọ́n ń ṣọ́ wọn fún.

Ó yẹ ká dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ọdẹ. Nílẹ̀ Yorùbá, ọdẹ ju ẹni tó ń pa ẹran lọ. Ògúnlọlá tó ta àgọ́ sídìí igi àjàgbọn ni Ògbómọ̀ṣọ́ ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ ìlú mìíràn sì ní irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Ọdẹ ló mọ odò tó pín ìlú méjì níyà àti àpáta tí ilẹ̀ ìdílé kan parí sí. Bí ìjà ààlà bá délẹ̀, òun ni wọ́n ń pè láti jẹ́rìí. Nígbà tí òfin lé e kúrò nínú igbó, ẹran nìkan kọ́ ló bọ́ lọ́wọ́ ìlú. Ọmọ tí kò bá baba rẹ̀ rìn dé ààlà rí, kí ni yóò fi han adájọ́?

Ti àwọn obìnrin kì í sábà wọ ìwé rárá. Igi ẹmi tí wọ́n ń fi èso rẹ̀ ṣe òrí, kò sẹ́ni tó gbìn ín. Pápá ló ń hù ú. Ìgbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, tí iṣu tuntun kò tíì jáde, tí àká sì ti ń gbẹ, ni èso rẹ̀ ń já bọ́. Igi irú náà rí bẹ́ẹ̀, òun náà ń dá hù ní pápá. Ẹni tó ń ṣa ẹmi kò gé igi, kò pa ẹran, ṣùgbọ́n ààlà páàkì kò mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí ẹni tó gbé ìbọn.

Òfin Ilẹ̀ ti oṣù kẹta ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sọ́wọ́ gómìnà. Bí ìjọba bá gba ilẹ̀, ilé, irè oko àti ohun tí èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe sórí ilẹ̀ ló ń gba owó gbà-má-bínú; ilẹ̀ fúnra rẹ̀ kò gbà ju owó ilẹ̀ tí wọ́n bá san lọ́dún náà. Ahoro kò sì ní ilé, kò ní irè. Nígbà tí Òfin 36 ti ọdún 1991 so igbó méjèèjì pọ̀ di Páàkì Àpapọ̀ Ọ̀yọ́-Ilé, kìlómítà onígun mẹ́rin 2,512 ló bọ́ sábẹ́ ìjọba àpapọ̀, ìyẹn ju ìdajì gbogbo Ìpínlẹ̀ Èkó lọ dáadáa. Òfin 46 ti 1999 tún un ṣe. Oko dídá, ọdẹ ṣíṣe, ẹja pípa, iná sísun, ẹran dídà, gbogbo rẹ̀ di ẹ̀ṣẹ̀ nínú ààlà. Ọ́fíìsì páàkì wà ní Ìsokùn ní Ọ̀yọ́, ṣùgbọ́n Àbújá ni àṣẹ ti ń wá.

Kò yẹ ká dá àwọn gáàdì lẹ́bi gbogbo rẹ̀. Àwọn darandaran ń kó màlúù wọ inú páàkì, àwọn ọdẹ ń wọlé lóru, ìbọn sì wà lọ́wọ́ àwọn kan nínú wọn. Iléeṣẹ́ páàkì tún ń kọ́ àwọn ará abúlé káàkiri àwọn páàkì Nàìjíríà ní oyin sísìn àti ọ̀yà sísìn, ohun tó dára ni. Ṣùgbọ́n ilé oyin kò lè rọ́pò ilẹ̀ àjogúnbá. Ní Gúúsù Áfíríkà, wọ́n lé àwọn Makuleke kúrò ní apá àríwá páàkì Kruger ní 1969. Wọ́n pe ẹjọ́ ilẹ̀ lẹ́yìn tí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà kógbá wọlé, wọ́n sì gba ìwé ilẹ̀ wọn padà ní 1998. Wọn kò padà lọ kọ́lé síbẹ̀; ẹranko ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n owó arìnrìn-àjò tó ń wọlé báyìí, tiwọn ni.

Ẹni tó ń gbé Ìsọlọ̀ ní Èkó lè rò pé èyí jìnnà sí òun. Odò Ògùn tó gba inú páàkì kọjá ni omi ẹ̀rọ Adíyàn ti ń wá, ẹ̀dú tí wọ́n ń kó dé Èkó láti Ṣakí àti Ìgbẹ́tì sì jẹ́ igi tó dúró ní pápá tẹ́lẹ̀. Bí ààlà bá ti sún mọ́ ẹ̀yìnkùlé abúlé, igi tó kù níta ààlà ni gbogbo ọwọ́ ń kó sí.

Ní 2020, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí páàkì tuntun 10, gbogbo wọn sì di 17. Ọ̀kan nínú wọn ni Òkè Ọbà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Igbó ọba ni òun náà tẹ́lẹ̀.