ÀLEJÒ LÓJÚ: ÌRÌN-ÀJÒ SÍ ÌLÚ ÀJÈJÌ NÍNÚ ÌTÀN WA ÀTI NÍNÚ ERÉ ÀWỌN ARÁ JAPAN

Ìbéèrè tí olóòtú ètò gbé síwájú wa lónìí kò gùn, ṣùgbọ́n ó jinlẹ̀. Ó ní: kí ni ó dé tí àwọn ọ̀dọ́ kan fi lè jókòó ti eré àwòrán tí àwọn ará Japan yà, eré tí kò ní ọ̀rọ̀ ìfẹ́ nínú, tí kò ní ọ̀tá kan pàtó tí a ń lé kiri, tí ó jẹ́ pé arìnrìn-àjò kan ṣoṣo ni ó ń ti ìlú dé ìlú? Ní Ùgbè-Àkókó tí mo ń gbé, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni ó kọ́kọ́ fi eré náà hàn mí. Àgbàlagbà tí ó jókòó tì wá wò ó díẹ̀, ó mi orí, ó ní ohun òkèèrè ti gba ọkàn àwọn ọmọ òde òní. N kò bá a jiyàn lọ́jọ́ náà. Lónìí, mo fẹ́ fi ìtàn dá a lóhùn pé ohun tí ọmọ náà ń wò ti pẹ́ nínú ilé wa.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Orúkọ eré náà ni Kino no Tabi, ìtumọ̀ èyí tí í ṣe Ìrìn-àjò Kino. Keiichi Sigsawa ni ó kọ ọ́; ìwé àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 2000. Ní ọdún 2003, Ryutaro Nakamura darí rẹ̀ di eré àwòrán alápá mẹ́tàlá fún amóhùnmáwòrán, wọ́n sì tún un ṣe lọ́tun ní ọdún 2017. Ọ̀dọ́mọbìnrin ni Kino. Alùpùpù kan tí ń sọ̀rọ̀ bí ènìyàn, Hermes, ni ó ń gùn. Òfin kan ni ó fi de ara rẹ̀: kì í lò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ ní ìlú kan.

Ní ìlú kan tí ó dé, àwọn ará ibẹ̀ ti mu oògùn kan tí olúkúlùkù fi ń gbọ́ èrò ọkàn ẹnì kejì rẹ̀. Wọ́n rò pé ìjà yóò parí nígbà tí kò bá sí àṣírí mọ́. Kàkà bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tí ó lè fara da èrò ọmọnìkejì rẹ̀. Ọkọ sá fún aya, ọ̀rẹ́ sá fún ọ̀rẹ́, kálukú sì lọ kọ́lé sí ọ̀tọ̀. Nínú ìtàn mìíràn, ó bá ọkùnrin kan lójú irin rélùwéè tí a ti pa tì, tí ọkùnrin náà ti ń fọ irin rẹ̀ mọ́ láti ọdún pípẹ́ wá. Níwájú, ó bá ẹnì kejì tí ń tú irin kan náà kúrò. Níwájú sí i, ó bá ẹnì kẹta tí ń to irin náà padà. Iṣẹ́ ni wọ́n rán àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sì sí ẹni tí ó mọ̀ pé ẹnì kejì wà. Ẹni tí ó bá ti ṣe iṣẹ́ ìjọba rí yóò rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà yóò dákẹ́.

Inú ìdákẹ́ yìí gan-an ni adùn eré náà wà. Kino kì í ṣàlàyé. Ó dàbí àlọ́ tí apàlọ́ dìde kúrò nídìí rẹ̀ kí ó tó sọ ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú rẹ̀. Òǹwòran ni yóò ṣe ìdájọ́. Ọ̀dọ́ tí wọ́n ti ń pàṣẹ fún láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, nílé, ní ilé-ẹ̀kọ́ àti ní ilé ìsìn, rí ibì kan nìkẹyìn tí a ti bi í léèrè pé, “Ìwọ, kí ni o rí sí i?”

Ẹ̀wẹ̀, ta ni yóò sọ pé irú ìtàn báyìí ṣàjèjì sí Yorùbá? Nínú ẹsẹ Ifá, mélòó ni a kò ti rí babaláwo tí ń gbé àpò rẹ̀ lọ sí ìlú tí kò dé rí, tí ó bá ìṣòro ibẹ̀ pàdé, tí ó sì tún tẹ̀síwájú? Ní ọdún 1938 ni D. O. Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó ní agbègbè tí ó di Ìpínlẹ̀ Oǹdó, tẹ Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde. Àwọn ọdẹ inú ìwé náà ń lọ sí Òkè Lángbòdó. Ìlú àwọn ẹyẹ wà lójú ọ̀nà wọn. Nígbà tí wọ́n sì dé ibi tí wọ́n ń lọ, ọjọ́ méje gbáko ni wọ́n fi jókòó gba ẹ̀kọ́ lẹ́nu Ìrágbèje. Nínú Ìrìnkèrindò Nínú Igbó Elégbèje, tí ó jáde ní 1954, a bá ìlú Èdìdàrẹ́ pàdé, níbi tí ìwà òmùgọ̀ ti di àṣà gbogbo ìlú, tí ọba wọn sì ń jẹ́ Òmùgọ̀diméjì. Ní 1952, Amos Tutùọlá, ọmọ Abẹ́òkúta, ti kọ ọ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì nínú The Palm-Wine Drinkard pé ìlú kan wà tí ó jẹ́ pé ẹni tí ó bá fẹ́ gun igi níbẹ̀ yóò ti kọ́kọ́ gun àkàsọ̀ kí ó tó gbé e ti igi. Fi ìlú yìí sí ẹ̀gbẹ́ àwọn ọkùnrin ojú irin mẹ́ta nì, kí o sì sọ fún mi bí kì í bá ṣe ọmọ ìyá ni wọ́n.

Ìyàtọ̀ kan wà, ó sì ṣe pàtàkì. Ọdẹ Fágúnwà a máa wàásù. Bí ó bá rí ìwà búburú, yóò dúró, yóò kọjú sí àwa òǹkàwé, yóò sì kìlọ̀ fún wa. Olùkọ́ ni Fágúnwà kí ó tó di òǹkọ̀wé, ilé-ẹ̀kọ́ ni ó sì fọkàn sí nígbà tí ó ń kọ̀wé. Kino ní tirẹ̀ yóò wò, yóò gbéra. Èwo ni ó dára jù nínú méjèèjì? Kí á tó dáhùn, ó yẹ kí á rántí pé àwa náà ti jẹ́ ìlú àjèjì lójú ẹlòmíràn rí.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1826, Hugh Clapperton, ará Scotland, wọ Ọ̀yọ́ Ilé pẹ̀lú ìwé tí ó ń kọ ohun tí ó bá rí sí. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni ó lò níbẹ̀. Ní ọjọ́ 22 oṣù kejì ọdún náà, wọ́n ṣe eré fún un ní iwájú ààfin. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òṣèré kan gbé ère jáde nínú eré náà: ẹ̀dá kan tí ó funfun báláú, tí ó tín-ín-rín, tí ó dàbí ẹni tí òtútù fẹ́ pa, tí ó ń rọra gbẹ́sẹ̀ bí ẹni tí kò fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀ rí, tí ó sì ń ṣe bí ẹni tí ń fa aáṣáà símú. Òyìnbó ni wọ́n ń sín jẹ! Gbogbo èrò bú sẹ́rìn-ín. Clapperton kú ní Sókótó ní 1827. Ìwé rẹ̀ jáde ní 1829, àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù sì kà nípa Ọ̀yọ́ bí ẹni ń ka ìtàn ìlú àràmàǹdà. Ṣùgbọ́n nínú ìwé kan náà ni ẹ̀rí wà pé bí àlejò ti ń wo onílé, bẹ́ẹ̀ ni onílé ń wo àlejò. Òṣèré Ọ̀yọ́ kò ní kálámù, ṣùgbọ́n ó ní ojú.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí á padà sí Àkókó. Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ ní Ìkàrẹ́, tí ó gba Ùgbè kọjá sí ìhà Àkùnnù, kò ní í rìn tó ọjọ́ kan kí ó tó la ìlú olówò èdè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kọjá. Ní Ìṣè, Àúga àti Ìkàkùmọ̀, èdè tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Ukaan ni tiwọn, èdè tí àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí ìdílé tí ó ti wá. Ní Àkùnnù, èdè Akpes ni. A ó sì tún bá a ní Ìkáràmù, Gedegédé àti Ìbaràm. Ní Àrìgìdì, Erúṣú àti Òkè-Àgbè, ẹ̀ka mìíràn ni. Ní Ìṣùà àti Ẹ̀pìnmì, èdè wọn bá Ẹdó tan. Gbogbo wọn ni ó ń gbọ́ Yorùbá pẹ̀lú.

Kí ni ó fa irú èyí? Òkè jẹ́ ìdí kan, ogun sì jẹ́ ìdí mìíràn. Ní ìlàjì kejì ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn jagunjagun Nupe láti Bídà ń kó àwọn ará Àkókó lẹ́rú. Àwọn ènìyàn gun orí òkè, wọ́n sá sínú ihò àpáta, olúkúlùkù sì di ohun tirẹ̀ mú ní ibi ìsásí rẹ̀. Ìgbà tí ilé-iṣẹ́ Royal Niger Company ṣẹ́gun Bídà ní 1897 ni ẹ̀rù náà bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò nílẹ̀, tí àwọn ènìyàn sì ń sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ní 1955, àwọn ìlú kéékèèké kan fi ara wọn mọ́ra, wọ́n sì di Àjọwà. Ẹ wo bí orúkọ náà ti bá ìṣe mu tó! Ohun tí Kino ń gun alùpùpù wá kiri lórí àwòrán, ọmọ Àkókó lè fi ẹsẹ̀ rìn dé ibẹ̀.

Ibí ni mo fẹ́ ti jẹ́wọ́ ohun kan. Èmi kì í ṣe ọmọ Àkókó. Iṣẹ́ olùkọ́ ni ó gbé mi wá. Ní ilé-ẹ̀kọ́ kan tí mo ti ṣiṣẹ́ nígbà èwe mi, mo na ọmọkùnrin kan nítorí pé ó sọ èdè ìlú rẹ̀ sí àbúrò rẹ̀ nínú kíláàsì. Mo pe èdè náà ní àtàtà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yòókù rẹ́rìn-ín, èmi náà sì rẹ́rìn-ín. Ní ọjọ́ kejì, bàbá ọmọ náà wá. Mo ti múra sílẹ̀ de ìjà, ṣùgbọ́n ohùn pẹ̀lẹ́ ni ó fi bá mi sọ̀rọ̀.

“Tíṣà, ọdún mélòó lẹ ti lò lọ́dọ̀ wa?”

“Ọdún mẹ́ta ni, bàbá.”

“Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èdè wa kí mi.”

N kò lè kí i. Ó ní, “Ọdún mẹ́ta lẹ ti ń jẹ iṣu wa; ẹ kò tíì mọ bí a ti ń kí ẹni tí ó gbìn ín.” Ó dìde, ó dágbére fún mi ní Yorùbá tí ó dán mọ́rán ju tèmi lọ. Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó má bínú. Ó ní òun kò bínú, ṣùgbọ́n ọmọ náà kò tún sọ èdè rẹ̀ létí mi mọ́ títí ó fi jáde ìwé mẹ́wàá. N kò mọ̀ bóyá ó kọ́ àwọn ọmọ tirẹ̀.

Àwọn baba wa ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi í ríran. Ọjọ́ mẹ́ta ni Kino ń lò, ó sì ń rí nǹkan nítorí pé ó ń béèrè ọ̀rọ̀, ó sì ń fetí sílẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni èmi lò, n kò rí nǹkan, nítorí pé mo ti gba ipò onídàájọ́ kí n tó jókòó. Síbẹ̀, n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ìwòran lásán ni ọgbọ́n. Ẹni tí ó ń wò, tí ó sì ń kọjá lọ nígbà tí wọ́n ń pọ́n ènìyàn lójú, òun náà ní ọ̀ràn lọ́rùn, àwọn tí ó ṣe eré Kino pàápàá sì mọ̀ ọ́n. Àwọn ìlú kan wà nínú eré náà tí kò ti lè dákẹ́. Níbi tí ìwà ìkà bá wà, ohùn Fágúnwà ni ó yẹ kí á mú. Níbi tí ó bá jẹ́ ìyàtọ̀ lásán, etí Kino ni ó yẹ kí á yá. Bí a ṣe lè mọ èkínní yàtọ̀ sí èkejì ni iṣẹ́ tí ó wà lọ́rùn olùkọ́, nítorí pé bí wọ́n ti ń ṣe ní ilé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, bí ẹ bá rí ọmọ tí ó ń wo irú eré yìí, ẹ má ṣe gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ bi í ní ohun tí òun ìbá ṣe ní ìlú náà. Lẹ́yìn náà, ẹ fún un ní Fágúnwà kà. Lẹ́yìn èyí, ẹ rán an lọ sí ìlú tí ó kángun sí tiyín. Kí ó kọ́ bí wọ́n ti ń kí àgbà níbẹ̀ ní òwúrọ̀. Kí ó béèrè ohun tí wọn kì í ṣe níbẹ̀, àti ìdí rẹ̀. Kí ó sì béèrè, bí wọ́n bá fẹ́ sọ fún un, irú ojú tí wọ́n fi ń wo àwa tí à ń wá bá wọn. Kí ó kọ ìdáhùn náà sílẹ̀ bí wọ́n ti sọ ọ́, yálà ó dùn mọ́ wa tàbí kò dùn.

Èmi ti kọ́ ìkíni náà báyìí. Ó pẹ́ kí n tó kọ́ ọ.