Fọ́ńṣọ̀n

Òfin ìṣirò tí ó ń gba nọ́ńbà kan wọlé, tí ó sì ń dá ẹyọ kan ṣoṣo padà, bí ẹ̀rọ ìlọta ọjà Bódìjà ti ń gba ata tútù tí ó sì ń da ata lílọ̀ síta, òun ni fọ́ńṣọ̀n. Bí òfin náà bá ní kí a sọ nọ́ńbà di ìlọ́po méjì kí a sì fi 3 kún un, 4 tí ó bá wọlé kò ní ṣàì jáde ní 11, nítorí ohun tí a bá gbìn ni a ó ká. Bí a bá fi nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan lọ́po ara rẹ̀, 3 àti òdì 3 yóò jọ bí 9, kò sì burú; ṣùgbọ́n kí ẹyọ kan wọlé kí ó jáde ní méjì, èèwọ̀ ni. Irú ìmọ̀ nípa fọ́ńṣọ̀n yìí ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Adegoke Olubummo, onímọ̀ ìṣirò, gbájú mọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn.