Ọ̀sà Àgbádárìgì: Ojú Ọ̀nà Àlọ àti Àbọ̀ nínú Ìtàn

Ìfáárà

Ìlú Àgbádárìgì wà ní apá ìwọ̀-oòrùn Ìpínlẹ̀ Èkó, nítòsí ààlà tí ó wà láàárín Nàìjíríà àti orílẹ̀-èdè Benin. Àwọn Ẹ̀gùn, tí wọ́n ń pe ara wọn ní Ògù, ni wọ́n pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ ìlú náà, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí àwọn Yorùbá ti ń bá wọn gbé. Àwọn arìnrìn-àjò afẹ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn àlejò láti òkè òkun máa ń lọ síbẹ̀ láti wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá ọ̀sà sí erékùṣù Gberefu. Ìrìn náà kò gùn. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì yóò ti gbé èrò láti èbúté ìlú dé òdì kejì. Níbẹ̀ ni wọn yóò ti fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà oníyanrìn láàárín igi àgbọn títí wọn yóò fi rí agbami òkun. Ibi tí ọ̀nà náà pin sí ni a ń pè ní Ibi Àrèmábọ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni a ti ń kó àwọn ẹrú lọ sínú ọkọ̀ tí ń lọ sí ilẹ̀ Amẹ́ríkà.

Èrò tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé òtítọ́ wà nínú orúkọ náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òtítọ́ ni ó wà nínú rẹ̀. Omi etíkun kan náà tí ó gbé àwọn ènìyàn lọ ni ó gbé àwọn kan padà wá. Olùkọ́ tí ó bá kó akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí Gberefu, tí ó sì kọ́ wọn ní ìtàn àlọ nìkan, ààbọ̀ ẹ̀kọ́ ni ó kọ́ wọn.

Ìrísí Ilẹ̀ àti Omi

Kí ìtàn náà tó lè yéni, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ bí ilẹ̀ àti omi ibẹ̀ ti rí. Ọ̀sà yàtọ̀ sí òkun. Omi tí ó parọ́rọ́ ni ọ̀sà Àgbádárìgì. Ó so ìlú náà pọ̀ mọ́ Àjàṣẹ́, tí àwọn Potogí sọ ní Porto-Novo, ní ìwọ̀-oòrùn, ó sì so ó pọ̀ mọ́ Èkó ní ìlà-oòrùn. Ilẹ̀ oníyanrìn tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni ó là á láàárín òun àti òkun. Ní ẹ̀gbẹ́ kan ilẹ̀ yìí, omi dákẹ́ bí ẹni pé ó ń sùn. Ní ẹ̀gbẹ́ kejì, ìgbì òkun ń bú, ó sì ń fọ́ mọ́ èbúté láìsinmi. Ẹwà ìyàtọ̀ yìí ni ó ń fa àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ mọ́ra.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó jẹ́ ẹwà lójú àlejò òde òní ni ó jẹ́ irinṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ẹrú. Nítorí ìgbì òkun, ọkọ̀ ńlá kò lè sún mọ́ ilẹ̀. Ọ̀ọ́kán ni ó ń dúró sí. Nítorí náà, ìpele mẹ́ta ni ìrìn ẹrú pín sí: wọn yóò fi ọkọ̀ alájẹ̀ gbé e kọjá ọ̀sà, yóò fi ẹsẹ̀ rin orí iyanrìn, wọn yóò sì tún fi ọkọ̀ kékeré gbé e la ìgbì kọjá dé inú ọkọ̀ ńlá. Ẹni tí ó bá ti kọjá ọ̀sà ti ní omi lẹ́yìn, ó sì ní òkun níwájú. Kò sí ibi tí yóò sá sí. Ọ̀nà tí arìnrìn-àjò afẹ́ ń tọ̀ lónìí kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ìpele méjì àkọ́kọ́ nínú ìrìn náà.

Ìtàn Àlọ

Àwọn afinimọ̀nà sábà máa ń sọ pé ní ọdún 1502 ni ọjà ẹrú Vlekete bẹ̀rẹ̀ ní Àgbádárìgì. Ìtàn àtẹnudẹ́nu ni èyí, ó sì yẹ kí a bọ̀wọ̀ fún un gẹ́gẹ́ bí ìtàn àtẹnudẹ́nu. Ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ àwọn oníṣòwò òyìnbó fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún ni Àgbádárìgì di gbajúmọ̀ nínú òwò náà. Ní ọdún 1727, àwọn ọmọ ogun Dàhòmì ṣẹ́gun Ouidah, wọ́n sì gba èbúté rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ogun lé kúrò níbẹ̀ sá gba ìhà ìlà-oòrùn. Láàárín ọdún 1730 sí 1740, oníṣòwò ará Hólándì kan tí ń jẹ́ Hendrik Hertogh, ẹni tí àwọn ará ìlú ń pè ní Huntokonu, gbé òwò rẹ̀ wá sí agbègbè náà. Láti ìgbà náà ni èbúté Àgbádárìgì ti gbèrú sí i.

Àwọn onímọ̀ tí ó ṣe àkójọ ìwé àkọsílẹ̀ àwọn ọkọ̀ ẹrú ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 12.5 ènìyàn ni a kó sínú ọkọ̀ láti ilẹ̀ Áfíríkà, àti pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 2 nínú wọn ni a kó láti etíkun tí Àgbádárìgì, Ouidah, Àjàṣẹ́ àti Èkó wà. Èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú wọn kò padà mọ́. Bákan náà, kò yẹ kí olùkọ́ fi bò pé ọwọ́ àwọn ènìyàn wa wà nínú òwò náà. Ogun ilé ni ó ń pèsè ẹrú, àwọn ọba àti olóyè ń gba owó ibodè, àwọn alágbàtà sì ń jẹ èrè. Òyìnbó nìkan kọ́ ni ó jẹ̀bi.

Ìtàn Àbọ̀

Ní ọdún 1807, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi òfin de òwò ẹrú fún àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè wọn. Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ ogun wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ etíkun, tí wọ́n ń mú ọkọ̀ ẹrú, tí wọ́n sì ń kó àwọn tí wọ́n bá gbà sílẹ̀ lọ sí Freetown ní Sàró. Ọ̀kan nínú irú àwọn bẹ́ẹ̀ ni Samuel Ajayi Crowther. Ní ọdún 1821 ni ogun kó o ní Òṣogùn. Nínú lẹ́tà tí ó kọ ní ọdún 1837, ó ṣàlàyé pé òru ni wọ́n fi ọkọ̀ kékeré gbé àwọn láti Èkó lọ sí etí òkun, kí wọ́n tó kó wọn sínú ọkọ̀ àwọn Potogí ní òwúrọ̀. Oṣù kẹrin ọdún 1822 ni èyí ṣẹlẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yọ sí wọn, wọ́n sì gbà wọ́n sílẹ̀. Èkó ni Crowther gbà lọ, kì í ṣe Àgbádárìgì. Àmọ́ irú ìrìn kan náà ni.

Ní ọdún 1839, àwọn kan nínú àwọn tí a gbà sílẹ̀ wọ̀nyí dáwó jọ ní Freetown, wọ́n ra ọkọ̀ ẹrú kan tí a ti gbà lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò, wọ́n sì fi í wọkọ̀ padà sí Àgbádárìgì. Ọkọ̀ tí a kàn láti kó ẹrú lọ ni ó di ọkọ̀ tí ń kó ọmọ bọ̀ wálé. Àwọn tí ó tẹ̀lé wọn pọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn sì gba Àgbádárìgì kọjá lọ sí Abẹ́òkúta. Àwọn ni wọ́n ránṣẹ́ pe àwọn ajíhìnrere, tí Thomas Birch Freeman fi dé Àgbádárìgì ní ọjọ́ 24, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1842. Henry Townsend náà dé ní oṣù kejìlá ọdún kan náà.

Crowther fúnra rẹ̀ gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní oṣù kìíní ọdún 1845. Ikú Ṣódẹ́kẹ́, aṣáájú àwọn Ẹ̀gbá, àti ogun tí ó dí ọ̀nà ni kò jẹ́ kí ó lè tètè kọjá. Ó lé ní ọdún kan tí ó fi dúró níbẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1846, ó dé Abẹ́òkúta. Kò pẹ́ tí ó débẹ̀ tí òun àti Afala, ìyá rẹ̀, fi fojú kan ara wọn, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 25 tí ogun ti yà wọ́n. Ní ọdún 1848, ìyá náà ṣe ìrìbọmi.

Àwọn mìíràn gba Bùràsíìlì padà wá. Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ àwọn ẹrú Mùsùlùmí tí ó wáyé ní Bahia ní ọdún 1835, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a ń pè ní Àgùdà tún òkun là padà sí Èkó, Àjàṣẹ́, Ouidah àti àwọn ìlú mìíràn ní etíkun. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo àbọ̀ ni ó mú ìtura wá. Seriki Williams Abass, ẹni tí ó kú ní ọdún 1919, ni a tà ní kékeré. Nígbà tí ó padà dé, òun náà di oníṣòwò ẹrú, àgbàlá rẹ̀ sì wà ní Àgbádárìgì títí di òní. Ẹni tí ó ti jìyà rí náà lè fi ìyà jẹ ẹlòmíràn. Èyí kò gbọdọ̀ ṣàì sí nínú ẹ̀kọ́ náà.

Ọ̀rọ̀ Kànga Ìgbàgbé

Lójú ọ̀nà Gberefu, wọ́n máa ń fi kànga kan han àwọn àlejò. Ìtàn sọ pé wọ́n máa ń fún ẹrú ní omi rẹ̀ mu kí ó lè gbàgbé ilé. Ohun tí ìtàn yìí sọ nípa ìpinnu àwọn oníṣòwò ṣe pàtàkì ju agbára omi náà lọ: wọ́n mọ̀ pé ẹni tí ó bá rántí ilé yóò nira láti dè mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí tí ìtàn fi lélẹ̀ ni pé wọn kò gbàgbé. Ní ọdún 1854, Sigismund Koelle, ajíhìnrere ará Jámánì, tẹ àkójọ ọ̀rọ̀ èdè Áfíríkà tí ó lé ní 100 jáde. Ẹnu àwọn tí a gbà sílẹ̀ ní Freetown ni ó ti gba ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ọ̀rọ̀ náà, ẹ̀ka èdè Yorùbá lóríṣiríṣi sì wà nínú rẹ̀. Ní Bùràsíìlì àti Kúbà, èdè Yorùbá ṣì ń dún nínú orin àti ìwúre àwọn olórìṣà títí di òní.

Ohun tí Ó Kan Olùkọ́

Ọ̀rọ̀ yìí kan olùkọ́ èdè Yorùbá ju bí ó ti kan ẹnikẹ́ni lọ. Ọdún 1843 ni ìwé gírámà àti àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá tí Crowther ṣe jáde. Ọwọ́ àwọn tí ó padà bọ̀ yìí ni kíkọ èdè wa sílẹ̀ ti fìdí múlẹ̀. Ìyẹn ni pé ìwé tí olùkọ́ fi ń kọ́ ọmọ ní Yorùbá lónìí jẹ́ ọ̀kan nínú èso àbọ̀ náà.

Nítorí náà, nígbà tí olùkọ́ bá ń ṣètò ìrìn-àjò ẹ̀kọ́ lọ sí Àgbádárìgì, lẹ́yìn tí ó bá ti rí i dájú pé gbogbo ọmọ wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì, ó yẹ kí ó pín ẹ̀kọ́ rẹ̀ sí méjì. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń lọ sí Gberefu, kí ó kọ́ wọn ní ìtàn àlọ. Nígbà tí ọkọ̀ bá yí padà tí ó kọjú sí ìlú, ó máa ń dà bí ẹni pé ẹ̀kọ́ ti parí. Ìgbà náà gan-an ni ó yẹ kí ìdajì kejì bẹ̀rẹ̀. Bí àwọn ọmọ ti ń wo ìlú tí ń sún mọ́ wọn, kí wọ́n gbọ́ nípa ọkọ̀ ọdún 1839, kí wọ́n gbọ́ nípa Afala àti ọmọ rẹ̀. Bí wọ́n bá gúnlẹ̀, kí olùkọ́ mú wọn lọ sí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àwọn ajíhìnrere, tí a parí kíkọ́ rẹ̀ ní ọdún 1845, kí wọ́n sì fojú ara wọn rí i.

Ìgúnlẹ̀

Àpilẹ̀kọ yìí kò sọ pé kí a pa orúkọ Ibi Àrèmábọ̀ rẹ́, nítorí pé àwọn tí kò padà pọ̀ ju àwọn tí ó padà lọ fíìfíì. Ohun tí ó ń sọ ni pé orúkọ kan kò tó fún ọ̀nà tí ó ní ojú méjì. Ní ilẹ̀ Gánà, ní ilé olódi Cape Coast, wọ́n ti kọ Ilẹ̀kùn Àbọ̀ sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn tí ẹrú ń gbà jáde, láti ọdún 1998 tí wọ́n gbé egungun ẹrú méjì wọlé láti òkè òkun. Àwọn àgbà ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Àwọn tí a fi ipá kó rin àjò tí kò dùn rárá kò sì gbàgbé ilé. Ó kù sọ́wọ́ àwọn tí ó wà nílé kí wọ́n má gbàgbé wọn.